Ẹ̀sùn lórí oògùn ara yíyún tí wọ́n tà fún mi nínú ọ̀rá tí kò lórúkọ

Adó-Èkìtì

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ tó ni ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹ̀gbẹ́ ọjà

Ẹ̀yin ọ̀gá,

Mo kí yín. Dírẹ́bà ni mí, ọ̀nà Adó sí Ìkéré ni mò ń ná. Ara mi kì í gba edé. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ níbi ìnáwó òkú àgbà, tí wọ́n bá gbé iyán gbígbóná àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí síwájú ọmọ Èkìtì, ta ló máa dúró béèrè bóyá edé wà nínú ọbẹ̀? Kí n tó fọwọ́ tán, ara mi ti wú ní kókó-kókó, ó ń yún mi bí ẹni tó fara kan wèrèpè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ ṣọ́ọ̀bù yín, mo ní kí wọ́n ta loratadine fún mi. Òun ni mo ti ń lò tẹ́lẹ̀, mílígíráàmù 10 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, mo sì ń wakọ̀ mi láìsí wàhálà. Ọmọ tó wà nídìí káńtà ka hóró kékeré aláwọ̀ yẹ́lò sínú ọ̀rá, kò kọ nǹkan kan sí i lára. Ó ní, "Dádì, ọ̀kan náà ni wọ́n, ara yíyún náà ni gbogbo wọn ń wò."

Mo lo ẹyọ kan, mo kó èrò. A ò tíì dé Ìkéré tí oorun fi gbé mi. Ìyá tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló gbá mi léjìká: "Dírẹ́bà, ṣé o fẹ́ pa wá ni?" Táyà iwájú ti wọ koríko. Mo páàkì, mo dá owó gbogbo wọn padà, mo sì sùn sínú mọ́tò títí di ọ̀sán.

Apòògùn kan nílé ìwòsàn ló là mí lóye. Chlorpheniramine ni wọ́n tà fún mi, oògùn àtijọ́ tó máa ń wọ ọpọlọ lọ, ibẹ̀ ló ti ń fa oorun. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà péré ni wọ́n ní ó ń gbé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó léraléra. Loratadine àti cetirizine, oògùn ara yíyún mìíràn, kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ ọpọlọ, ẹyọ kan a sì gbé odindi ọjọ́. Àwọn méjèèjì yìí gan-an kò dọ́gba. Histamine ni ara ń tú jáde tí awọ fi ń wú. Nígbà tí àwọn oníṣègùn fi í gún awọ èèyàn láti dán oògùn wò, cetirizine máa ń dín wíwú náà kù ju loratadine lọ. Àmọ́ ó máa ń kun àwọn kan lóorun díẹ̀. Èmi tí mò ń gbé ẹ̀mí èèyàn kiri, ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ara ṣì máa yún mi díẹ̀.

N kò bú oògùn yẹlò yẹn o. Ẹni tó ń lọ sùn lè lò ó.

Ẹ dá owó mi padà, àti owó iṣẹ́ ọjọ́ kan tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ má lé ọmọ náà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ tó mọ̀wọ̀ ni, àmọ́ kó máa kọ orúkọ oògùn sára ọ̀rá, kó sì máa béèrè iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe kó tó ta èyí tó ń fa oorun. Bí loratadine ò bá sí, kó ní kò sí.

Ọ̀rá náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, hóró mẹ́jọ ló kù nínú rẹ̀. N ó mú un wá lọ́jọ́ Ajé.

Èmi ni,
Oníbàárà yín, dírẹ́bà ọ̀nà Ìkéré