Ìpè sí gbogbo ọmọ ìlú wa: ẹ jẹ́ ká dá owó oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ fún ọkọ̀ akólẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín o. Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí la torí rẹ̀ kọ̀wé sí yín.

Níbi tí ọkọ̀ akólẹ̀ kì í bá dé, gọ́tà ni ìdọ̀tí ń lọ. Òjò á rọ̀, omi ò ní rọ́nà gbà, á ya wọ ilé onílé. Èyí tó bá dá rogún nílẹ̀ á di ilé ẹ̀fọn. Àwọn mìíràn á dáná sun ọ̀rá lẹ́yìnkùlé, èéfín olóró á sì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọdé.

Iṣẹ́ ìjọba ni, a mọ̀, a ò sì ní dákẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2018 sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó, ìdọ̀tí nìkan ń gba nǹkan bí ìdá 20 nínú ìdá 100 owó ìṣúná ìjọba ìlú. Síbẹ̀, èyí tó ju ìdá 90 lọ nínú ìdọ̀tí wọn ló ń bọ́ sí ààtàn lásán tàbí sínú iná. Láìsí owó oṣooṣù láti ilé kọ̀ọ̀kan, epo ò ní wà nínú ọkọ̀.

Ṣé àwọn ará ilé á san án? Ní ọ̀pọ̀ ìlú káàkiri ayé, àwọn olùwádìí ti lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣàlàyé irú iṣẹ́ tí wọ́n ń sọ: ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ lọkọ̀ á wá, níbo ló máa dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè iye tí agbára ilé náà ká. Èyí tó pọ̀ jù máa ń ní àwọn ṣetán láti san nǹkan, bówó bá sì ṣe ń wọlé fún wọn sí ni iye náà ń ga sí. Àmọ́ kéèyàn ní òun á san yàtọ̀ sí kó san. Ẹni tó ti sanwó rí tí ọkọ̀ ò yọjú kò ní tètè tọwọ́ bàpò mọ́, a ò sì lè bá a wí. Ìgbẹ́kẹ̀lé ló ṣòro jù nínú ọ̀rọ̀ yìí lójú tiwa.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká dá owó oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí ọkọ̀ máa wá déédéé kí a tó gba ohunkóhun lọ́wọ́ ilé kankan. Ní oṣù keje, wọ́n á ti fojú rí ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Nínú owó náà la ó ti ra ọmọlanke fún àwọn ọ̀nà tóóró tí ọkọ̀ ò lè wọ̀, a ó sì máa san ti àwọn arúgbó àti opó tí kò ní olùrànlọ́wọ́ lọ lẹ́yìn oṣù kẹfà.

Ẹni tó bá lè dá ti ilé kan, kó dá a. Ẹbí tó bá lè para pọ̀ dá ti àdúgbò kan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe é. Ẹ fi owó yín rán sí akápò ẹ̀ka yín kí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ tó pé, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Lóṣooṣù la ó máa ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sétí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Akọ̀wé,
lórúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú