Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Ẹ̀yin Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ kú àfaradà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ ká rí ìparí sáà yìí ní ilé ìwé àwọn àkàndá ọmọ wa. Èsì ìdánwò wà nínú báàgì ọmọ yín. Owó ilé ìwé kò yí padà. Ọjọ́ Àìkú ni àwọn ọmọ họ́sítẹ̀lì yóò wọlé, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ yà wo ọgbà ẹ̀fọ́ wa o! Àwọn ọmọ wa ló ro ó, àwọn ló ń bomi rin ín. Ọmọ kan tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun tẹ́lẹ̀ ló ń já ṣọkọ̀ fún ilé ìdáná báyìí. Inú mi dùn sí ọgbà yẹn gan-an.

Ọ̀rọ̀ họ́sítẹ̀lì ló gbé mi jókòó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọ kan na ọwọ́ gba àwo ẹ̀wà, ìyá alásè sì rí àpá tó yí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ká bí ẹ̀gbà. Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀. Ó yára fa apá aṣọ bò ó. Ọ̀já, irú èyí tí a fi ń pọn ọmọ, ni olùtọ́jú òru fi ń dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì kó má bàa rìn kiri. Ìyá alásè sọ fún mátírọ́ọ̀nù, mátírọ́ọ̀nù ní òun fẹ́ kọ́kọ́ wádìí, ọjọ́ Ẹtì ló tó dé etí mi. Òru mẹ́ta ni wọ́n tún fi de ọmọ náà. Mo ti kúnlẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lórí WhatsApp, pé a bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. A kò bò ó. Ọjọ́ Ẹtì yẹn náà la gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, tí mo sì fi ẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá àti lọ́dọ̀ DSVA, àjọ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀. Olùtọ́jú náà kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́. Pé òun nìkan ló ń tọ́jú ọmọ mẹ́rìnlá lóru, òótọ́ ni, ẹ̀bi tiwa nìyẹn, a sì ti gba ẹnì kejì. Síbẹ̀, bó ti wù kó rẹ èèyàn tó, a kì í so ọmọ bí ewúrẹ́.

Bí ọmọ bá ṣàdédé ń tọ̀ sórí ibùsùn, tó ń sá fún ẹnì kan, tó ń gbẹ, tí kò fẹ́ kí wọ́n bọ́ aṣọ òun, ẹ má sọ pé bí àìlera rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Gbólóhùn yẹn ló ń bo ìyà àwọn àkàndá ọmọ mọ́lẹ̀ jù. Ẹ kọ ohun tó sọ tàbí tó fọwọ́ júwe sílẹ̀ bó ṣe rí, ẹ má da ìbéèrè bò ó. Bí ẹ bá fura sí ìfipábánilòpọ̀, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ má fọ aṣọ rẹ̀. Mirabel Centre tó wà ní LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2013. Ẹ wá bá mi lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá jẹ́ èmi lẹ fura sí, ẹ gba ọ̀dọ̀ DSVA lọ.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Èkó, ọdún 2007, kò yọ òbí sílẹ̀ o. Bí ọmọ bá ti ilé gbé àpá bọ̀, màá fi sùn. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ń ti ọmọ mọ́ yàrá kí wọ́n tó lè dé ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi kó tó dà bẹ́ẹ̀, ká jọ wá ẹni tí yóò dúró tì í.

Láti sáà tó ń bọ̀, ẹ lè wọ họ́sítẹ̀lì wá wo ọmọ yín nígbàkígbà, lọ́sàn-án tàbí lóru, láìsọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo ti sọ fún ọlọ́dẹ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé Ìwé