Ẹ Gun Òkè Yẹn Kí Ẹ Tó Wọ Òkun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìpolówó kan ń ti orí fóònù kan bọ́ sórí òmíràn ní Òṣogbo, pé kí èèyàn mẹ́wàá sí méjìlá dá àjọ, kí wọ́n jọ lọ mòòkùn ní erékùṣù São Tomé. Ìrìn àjò náà dára. Inú òkun tó kan ilẹ̀ wa ni erékùṣù yẹn wà, kò jìnnà sí Gabon. Òkè oníná ló gbé e jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, ṣóńṣó rẹ̀, Pico de São Tomé, sì ga tó mítà 2,024. Ètò tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán ni kò dára: omi ní òwúrọ̀, òkè ní ọ̀sán, bàálù ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá tẹ̀lé e bẹ́ẹ̀ lè délé lórí kẹ̀kẹ́ arọ.

Bar ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan tó. Lórí ilẹ̀, bar 1 ni afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ara wa. Ní mítà 10 nísàlẹ̀ omi, ó di bar 2. Ní mítà 20, bar 3. Náítírójìn ló pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tí amòòkùn ń mí. Bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ara, kì í sì í tètè jáde. Bí èèyàn bá rọra gòkè, á máa mí i síta. Bó bá sáré gòkè, náítírójìn náà á hó nínú iṣan bí ìgò mínírà tí wọ́n ṣí lójijì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fọkàn sí ni pé gígòkè ọ̀hún kò parí níbi tí orí ti yọ lómi. Nínú bàálù, afẹ́fẹ́ máa ń fúyẹ́ bí ti orí òkè tó ga ní mítà 1,800 sí 2,400. Ẹ wá fi 2,024 wé e. Bom Sucesso, níbi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gun Pico, ti kọjá mítà 1,000; ẹni tí mọ́tò gbé débẹ̀ láti etí òkun ti gòkè kó tó fẹsẹ̀ rìn rárá.

Àjọ Divers Alert Network, tó ń rí sí ààbò àwọn amòòkùn, ní kí ẹni tó mòòkùn lẹ́ẹ̀kan péré dúró fún wákàtí 12 kó tó wọ bàálù. Ẹni tó mòòkùn léraléra, ó kéré tán wákàtí 18. Wákàtí 24 la máa ń sọ fún àwọn tiwa, nítorí kò sẹ́ni tó mọ bí ọ̀rá ara òun ṣe ń ṣe é. Bí ọjọ́ bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ fi èkejì àti ìkẹta gun òkè, ẹ sinmi ní ìkẹrin, ẹ wọ omi ní ìkarùn-ún dé ìkeje, kí ti ìkeje sì parí kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ wọ bàálù ní ìrọ̀lẹ́ ìkẹjọ. Owó kò fi bẹ́ẹ̀ lé. Ètò ló yí.

Bí náítírójìn bá ti hó nínú ara, èjìká, ìgúnpá tàbí orúnkún á máa dun èèyàn, ara á máa yún un, ẹsẹ̀ á kú tìpìrì. Ọmọ Nàìjíríà á ní ibà ni, á gbé Panadol mì. Kì í ṣe ibà. Ọ́síjìn gidi ni kí wọ́n fi sí i nímú kíá, kí wọ́n sì wá ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe dá a padà sómi.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ wá kù. Sílíńdà lítà 12 tí wọ́n rọ dé bar 200 ní afẹ́fẹ́ lítà 2,400. Ẹ yọ bar 50 tí a kì í fọwọ́ kàn kúrò, ó ku 1,800. Ẹni tó ń mí lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lórí ilẹ̀ á máa mí 40 ní mítà 10, á lo ìṣẹ́jú 45. Ní mítà 20 ó di 60, ìṣẹ́jú 30 sì ni. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ń mí tó 30 lórí ilẹ̀, ìṣẹ́jú 20 péré ló ní níbẹ̀ yẹn. Ẹni tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré jù ló ni ìrìn gbogbo ẹgbẹ́; bí tirẹ̀ bá ti di bar 100, kí gbogbo yín yí padà. Mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan ni kí ẹ fi máa gòkè, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5, kí ẹnikẹ́ni má sì dá èémí dúró, kí ẹ̀dọ̀fóró má baà ya.

Kí ẹ tó fò sómi, ẹ fi rẹgulétọ̀, ẹ̀rọ tí a fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà, sẹ́nu, ẹ mí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ojú yín wà lára géèjì tó ń fi bar inú sílíńdà hàn. Bí abẹ́rẹ́ bá ń já wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà á, tó tún ń padà sókè, ẹnu sílíńdà kò ṣí tán. Lójú omi, afẹ́fẹ́ á dà bíi pé ó tó. Ní mítà 18, kò ní tó.

Ẹni tó kọ́ bí a ṣe ń mòòkùn nínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Òṣogbo á rí i pé òun ò rì lókun. Iyọ̀ ló fà á. Ẹni kílò 80 pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ nílò òjé kílò 2 tàbí 3 sí i ní bẹ́líìtì. Bẹ́ẹ̀ sì ni sílíńdà alumíníọ̀mù máa ń fẹ́ léfòó bó bá ń tán lọ, nítorí náà pẹ̀lú sílíńdà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni kí ẹ wọn òjé yín.

Ẹni tó bá na àtàǹpàkò sókè lábẹ́ omi kò sọ pé ó dáa. Ó ní ẹ jẹ́ ká gòkè ni. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tí a so pọ̀ róbótó ni “ó dáa”. Ẹnìkan á nà án láìmọ̀, olùkọ́ á kó gbogbo èèyàn jáde, owó ọjọ́ náà á sì wọmi. Kí àwọn obìnrin tó dirun kó o sẹ́yìn dáadáa. Fọ́nrán irun kan lábẹ́ rọ́bà ìbòjú tó láti jẹ́ kí omi wọlé. Irùngbọ̀n náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ lọ. Oníkọ́ fée, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó. Ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe lọ́jọ́ náà, kó jókòó sínú ọkọ̀, torí etí rẹ̀ kò ní ṣí. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí pé òun mọ odò wẹ̀ fojú di í: òmùwẹ̀ ni í bómi lọ.

Oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tí wọ́n ń pè ní gravana. Nígbà òjò, odò ń gbé ẹrẹ̀ orí òkè wá sókun, ojú ò sì ní ríran jìnnà. Ṣùgbọ́n omi máa ń tutù díẹ̀ nígbà gravana, kí ẹ mú aṣọ rọ́bà dání. Ẹni tí kò fẹ́ pàdánù ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, kó mú oṣù keje.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ sínú àjọ náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé e kiri: ọ́síjìn mélòó ló máa wà nínú ọkọ̀, ta ló mọ̀ ọ́n lò, ìlú wo sì ni wọ́n máa gbé aláìsàn lọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń hó?

Èmi ni tiyín,
Amòòkùn kan,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.