Ogun òkèèrè àti ojúṣe àwọn yunifásítì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Bí ogun bá bẹ́ sílẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, àwọn yunifásítì kì í pẹ́ kọ̀wé ìbánikẹ́dùn. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu dùn ún ròfọ́. Ní 1933, nígbà tí ìjọba Hitler lé àwọn ọ̀mọ̀wé Júù kúrò lẹ́nu iṣẹ́, William Beveridge, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Ìlú Ọba láti wá owó àti iṣẹ́ fún wọn.

Ohun tó ń dùn mí jù lónìí ni ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó sá kúrò ní Khartoum, olú-ìlú Sudan, nígbà tí ogun dé ní oṣù kẹrin 2023 lè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, síbẹ̀ kí wọ́n ní kó lọ gba àkọsílẹ̀ máàkì tó ní òǹtẹ̀ wá láti ọ́fíìsì tí ogun ti tì pa. Ẹ jẹ́ kí àwọn yunifásítì ṣe ìdánwò fún un, kí wọ́n sì gbà á bó bá yege. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí kò sí owó oúnjẹ àti ilé nínú rẹ̀ kò sì tó (ta ni yóò máa bọ́ ọ?). Ní ti àwọn olùkọ́ tí kò kúrò ní ìlú tí ogun ti ń jà, kí wọ́n ṣí ibi ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn, bí àwọn yunifásítì kan ní Ìlú Ọba ti ṣe fún àwọn ti Ukraine láti 2022.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.