Lẹ́tà sí Kúnlé: Ọ̀rọ̀ mọ́tò Lanchester

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ti dé ní Birmingham níbí o, àmọ́ ara le, a dúpẹ́. Mo rí nǹkan kan ní Sátidé tó kọjá, ìwọ ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn.

Mo ń gba àdúgbò Nechells kọjá ni mo rí ère mọ́tò kan lórí koríko, mo bá dúró wò ó. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Frederick Lanchester, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ́ mọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1895. Nígbà yẹn òfin ìjọba ṣì ní kí ẹnì kan máa fẹsẹ̀ rìn níwájú mọ́tò tó bá ń lọ lójú títì, ṣé o rí i, ọdún 1896 ni wọ́n tó mú òfin yẹn kúrò. Àwọn tó kù ń gbé ẹ́ńjìnì sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin lásán, òun ní tiẹ̀ jókòó, ó ro gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kúnlé, jẹ́ n sọ ti ẹ́ńjìnì ẹ̀ fún ẹ. Crankshaft méjì, ìyẹn ọ̀pá irin tí ẹ́ńjìnì ń yí kí táyà lè yí, ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ọ̀kan ṣe ń yí sọ́tùn-ún lèkejì ń yí sósì, kí gbígbọ̀n ti ọ̀kan lè máa pa ti èkejì. Kabúrétọ̀ ẹ̀ ńkọ́, ibi tí pẹtiróòlù àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀, òwú ni, òwú bíi ti àtùpà tí ìyá wa àgbà máa ń tàn, ó ń fa pẹtiróòlù láti inú táǹkì wá sókè, afẹ́fẹ́ á wá gba ara òwú yẹn kọjá lọ sínú ẹ́ńjìnì. Kò sí sítíárì roboto, ọ̀pá irin ni awakọ̀ ń dì mú. Ní 1902 ó ti gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ (patent) lórí bíréèkì onídíìsì, èyí tí péèdì ń fún àwo irin tó ń yí mọ́ra kí ọkọ̀ lè dúró, 1902 o! Bàbà ló fi ṣe péèdì ẹ̀, ó máa ń han gooro.

Èyí tó wù mí jù ni pé nígbà tí àwọn yòókù ṣì ń fi fáìlì ha irin kọ̀ọ̀kan títí á fi wọ ibi tó yẹ, Lanchester ní rárá, ẹ jẹ́ ká wọn gbogbo ẹ̀, kí páàtì ọkọ̀ kan lè wọ inú ọkọ̀ míì láìlo fáìlì. Ìwọ tó ń ra páàtì lójoojúmọ́, o mọ ohun tíyẹn jẹ́.

Òun àti àwọn àbúrò ẹ̀, George àti Frank, dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Sparkbrook ní ìparí 1899. Àwọn èèyàn ń ra mọ́tò wọn dáadáa, owó láti fi ṣiṣẹ́ ni ò sí, ní 1904 gbèsè mú kí ilé iṣẹ́ náà wó. Wọ́n tún un dá sílẹ̀ ní 1905, Fred fúnra ẹ̀ kúrò nígbà tó yá, George ló wá ń bá a lọ. Ní 1931 báńkì ní kí wọ́n san owó tí wọ́n jẹ, ó lé ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn, ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ BSA bá rà wọ́n, wọ́n kó iṣẹ́ lọ sí ìlú Coventry sọ́dọ̀ Daimler, ilé iṣẹ́ mọ́tò tí BSA ní. Àárín àwọn ọdún 1950 ni wọn ò ṣe mọ́tò Lanchester mọ́. Fred ti kú ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1946, owó ò sì tó lọ́wọ́ ẹ̀. Ó dùn mí gan-an, ẹni tó ro gbogbo nǹkan yẹn!

Wò ó, nígbà míì tí o bá tú Toyota Camry Muscle ẹlẹ́ẹ́ńjìnì 2.4 ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ẹ, ṣí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì wò, wàá rí ṣáàfù kéékèèké méjì tó ń yí ní ìdàkejì ara wọn kí ọkọ̀ má bàa máa gbọ̀n. Ọpọlọ Lanchester nìyẹn. Jọ̀ọ́ ya fọ́tò ẹ̀ fún mi kí o tó dè é padà, kí o sì jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ náà rí i. Bá mi kí Màmá o.

Èmi ni tìrẹ,
Sọjí