Bùkọ́lá, jọ̀ọ́ wá ṣe alájọ mi

Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Peckham ò tíì gbé ẹ lọ? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ eléyìí, voice note ò lè gbà á, torí tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ Bàbá Àyọ̀ á máa gbọ́ mi láti pálọ̀, apá ibì kan sì wà nínú ẹ̀ tí mi ò tíì fẹ́ kó gbọ́.

Ọ̀rọ̀ náà rèé: mo ti di trader. Fọ́rẹ́ẹ̀sì, òwò ríra àti títa owó ilẹ̀ òkèèrè. Má rẹ́rìn-ín o! Èmi Títí náà ni, tí olùkọ́ ìṣirò lé jáde ní kíláàsì nítorí ohun tí ìwọ sọ. Látìgbà tí iléèwé ti ní kí àwa olùkọ́ kan máa lọlé, ó ti sú mi kí n máa nawọ́ sí Bàbá Àyọ̀ fún owó ata. Sódíq ọmọ Ìyá Fàtíì ló ń kọ́ mi, ọmọ tí a jọ pọ̀n yẹn, mò ń pè é ní sà báyìí, ó sì ń dá mi lóhùn, ọmọ burúkú.

Má rò pé bíi tàwọn àbòkí tó ń ka dọ́là lójú títì ni o, àwọn yẹn ń fọwọ́ kan owó tí wọ́n ń tà. Tèmi, inú fóònù ló wà, nínú MetaTrader, app tí a fi ń ṣòwò náà, mi ò fojú kan euro rí láyé mi. Bí euro ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ sí dọ́là ni mò ń lé kiri, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní pip. Lot, ìyẹn ìwọ̀n ọjà tí èèyàn ń rà, tó kéré jù ni mò ń lò, 0.01, pip kan níbẹ̀ sẹ́ǹtì 10 ni, torí náà tí mo bá ti fi stop loss, ibi tí app á ti bá mi pa ọjà náà fúnra ẹ̀, sí pip 20, tí ọjà bá kẹ̀yìn sí mi, dọ́là 2 péré ló máa gbà lọ́wọ́ mi. Dọ́là 100 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, bíi náírà 150,000 nígbà yẹn, ìwọ wo ayé. Sódíq kì í kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jèrè, bí owó mi ò ṣe ní tán ló ń kọ́ mi láràárọ̀, ó tún ní kí n máa kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé, kí n kọ ìdí tí mo fi rà àti ìdí tí mo fi tà, ìwé táwọn ọmọ kíláàsì mi ò kọ tán ni mò ń lò.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀dọ̀ yín gan-an lọjà ọ̀hún wà. London nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe ìdá méjì nínú márùn-ún gbogbo owó tí wọ́n ń ṣẹ́ láyé, ìwọ wà níbẹ̀ ò ń wẹ̀ fún màmá òyìnbó. Aago 8 yín ló ń ṣí, aago 9 tiwa nìyẹn lásìkò òtútù yìí, tí ẹ bá tún yí aago yín lóṣù kẹta, a ti dọ́gba. Ṣùgbọ́n Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù ni kó o wò, tí Amẹ́ríkà bá gbé iye àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ jáde ní aago 2:30 ọ̀sán tiwa, háà, ọjà á máa sá kiri bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ìyá ọkọ mi bá mi níbi tí mo ti káwọ́ lérí, wọ́n ní ta ló kú.

Ṣadé ti bí ọkùnrin, bàbá ẹ̀ ló jọ. Wọ́n ti mú láìtì wá ní àdúgbò wa, wọ́n tún ti mú un lọ.

Gbọ́ eléyìí. Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì gbé náírà 300,000 wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní kí n bá àwọn fi sí i, kí n máa fún àwọn ní 30 lórí 100 lóṣooṣù. Mo ní màmá, mi ò lè ṣe é. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ dá ọrọ̀ jẹ ni. Inú Ìbàdàn yìí náà ni o, tí a rí fídíò àwọn tó ń gbé àga jáde ní ọ́fíìsì CBEX, àwọn tó ní àwọn á sọ owó èèyàn di púpọ̀ tí owó sì há, ní oṣù kẹrin 2025! Òfin tuntun ọdún yẹn sì ti mẹ́nu ba ẹ̀wọ̀n ọdún 10 fún irú gbájúẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá Fàtíì ní tiwọn ń sọ kiri pé Yahoo ni mò ń ṣe, wọ́n gbàgbé pé ọmọ wọn lọ̀gá mi.

Ṣùgbọ́n Bùkkí, ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tó jẹ́ demo, tó jẹ́ owó eré, mò ń tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe ń ro ẹ̀bà lọ́wọ́. Owó gidi dé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n lórí dọ́là 2. Ó sì ju ẹ̀rù lọ, tó bá ti gbà á lọ́wọ́ mi, ojú mi á ranko, á máa ṣe mí bíi kí n gbà á padà lójú ẹsẹ̀, kí n lo lot ńlá. Àwọn aláṣẹ Yúróòpù ṣírò ẹ̀ ní 2018, àkáǹtì aráàlú 74 sí 89 nínú 100 tó ń ṣe irú òwò yìí ló ń pàdánù. Lọ́dọ̀ yín wọn ò jẹ́ kí broker, iléeṣẹ́ tí a ń gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ ṣòwò, yá aráàlú ju ìlọ́po 30 owó ẹ̀ lọ, àwa ńkọ́, ìlọ́po 500, ìlọ́po 1000, wọ́n á tún kí ẹ kú oríire.

Owó àjọ tí mo kó, tó jẹ́ ti WAEC Àyọ̀ àti ti ilé, inú fóònù kan náà ló wà, app báǹkì àti app yẹn fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án o. Tí mo bá sì gbé e fún Bàbá Àyọ̀, ó ti di táyà mọ́tò nìyẹn.

Torí náà, àkáǹtì náírà tó o fi sílẹ̀ níbí, tí káàdì ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ lọ́hùn-ún, fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́, kí n san án síbẹ̀. Má dá a padà àfi tí mo bá fi ìwé owó WAEC hàn ẹ́. Tí mo bá pè ẹ́ lóru tí mò ń sunkún pé ọmọ ń ṣàìsàn, pe Bàbá Àyọ̀ kó o bi í. Tí ara Àyọ̀ bá dá, bú mi dáadáa kó o pa fóònù.

Fi ránṣẹ́ kó tó di Jímọ̀, jọ̀ọ́.

Èmi ni,
Títí rẹ