Ọmọ tí a tọ́ nílé wa kò ní ìdí nínú ogún wa, àfi bí a bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú wíìlì

Sí Olóòtú,

Nígbà tí a jókòó láti pín ogún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìbéèrè kan ni olórí ẹbí wa kọ́kọ́ béèrè: "Ìdí mélòó ló wà?" Wọ́n dáhùn pé méjì ni, nítorí obìnrin méjì ni ó bímọ fún olóògbé. Ìyàwó kẹta, opó tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ tòun ti ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún tí ó gbé wọlé, kò bímọ fún un, nítorí náà kò ní ìdí. Ọmọbìnrin yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi rán ní ilé ìwé títí ó fi di nọ́ọ̀sì. Òun ni ó wẹ̀ ẹ́, tí ó sì fún un lóúnjẹ, ní gbogbo oṣù mẹ́jọ tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá a dùbúlẹ̀. "Ọmọ mi" ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè é lójú gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé kankan. Nígbà tí ẹnì kan dábàá pé kí a fún un ní yàrá kan péré, èsì tí wọ́n fọ̀ ni pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Mo wà níbẹ̀, mo sì dákẹ́. Ó ń dùn mí di òní.

Olórí ẹbí kò tẹ àṣà lójú. Nínú ẹjọ́ ogún ìdílé Dáwódù ní Èkó, níbi tí olóògbé ti fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún wa nígbà náà, wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1962 pé ìdí-igi, pínpín ogún ní iye ìyàwó tó bímọ, ni ìlànà Yorùbá, àti pé olórí ẹbí lè yan orí-òjorí, pínpín in ní iye ọmọ, bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n yálà ìdí ni a kà tàbí orí, ẹ̀jẹ̀ olóògbé ni a ń kà. Ní ọdún 1997, nínú ẹjọ́ Akínnúbi, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà tún sọ pé opó tí a fẹ́ ní ìlànà ìbílẹ̀ kò lè jogún ọkọ rẹ̀. Ọmọ tí a bí síta ní agbèjà, nítorí abala 42 nínú òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò gbà kí a fi ohunkóhun du ènìyàn nítorí bí a ṣe bí i. Èmi kò bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ du ogún bàbá rẹ̀ o. Ohun tó ká mi lára ni pé ẹni tí a kò rí rí títí di ọjọ́ àdúrà ogójì lè gba ìpín, kí ẹni tí ó gbé ìgbẹ́ bàbá náà má rí nǹkan kan gbà.

Wíìlì, ìwé tí ènìyàn fi há ohun ìní rẹ̀ kí ó tó kú, ló lè gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa gbà pé ẹni tó bá kọ ọ́ ń pe ikú. Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ ọ́, ikú sì dé. Ẹlẹ́rìí méjì ni yóò jọ wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí a há nǹkan fún, tàbí ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ohun tí a há fún ẹni náà yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá tún lọ gbé ìyàwó ní kóòtù gbọ́dọ̀ kọ òmíràn, nítorí ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ sábà máa ń pa wíìlì àtijọ́ rẹ́, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń fẹ́yàwó lẹ́ẹ̀kejì ti ń ṣìnà jù. Orúkọ tí a kọ sí báńkì gẹ́gẹ́ bí "next of kin" kò sọ ẹnikẹ́ni di ajogún. Ilẹ̀ ẹbí kò ṣeé há, ohun tí a fi òógùn ara wa rà nìkan ni. Ní ti àwa Mùsùlùmí, ọmọ tí ìyàwó gbé wá kò sí lára àwọn tí ṣàríà pín ogún fún, ṣùgbọ́n a lè fi àsọọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ogún tí a sọ sílẹ̀ kí a tó kú, há ohun tí kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ fún un. Èmi náà ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé. Mo ti kọ tèmi, ó sì wà ní ilé ẹjọ́ gíga ní Ìbàdàn.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ fún agbẹjọ́rò kan láyè nínú ìwé ìròyìn yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó máa fi Yorùbá dáhùn ìbéèrè nípa wíìlì. Àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni kò lè ka òfin náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn